Ọjọ́ Tí Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi Wọ Inú Ọkàn Ńlá

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Onídìrí ni mí ní Sùúrùlérè, iṣẹ́ wa kò sì ṣeé fi ẹnu dídì ṣe. Bí oníbàárà bá ní irun tí mo ṣe kò gún, mà á sọ fún un pé orí rẹ̀ ni kò gún. Bí onílé bá wá béèrè ohun tí kò tọ́ sí i, èmi ni àwọn ayálégbé yòókù máa ń tì síwájú. Ọkọ mi a máa ní bí wọ́n bá gbé mi lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló máa tọrọ àforíjì. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ tí mi ò sọ, àwọn tó mọ̀ mí kì í gbà. Wọ́n á ní, "Ìwọ kẹ̀?" Èmi náà ni o. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo gbé mì láyé mi, ó sì ba ayé ìyá ọkọ mi jẹ́.

Màmá ni mo máa ń pè wọ́n. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ọkọ mi ti gbé wọn níyàwó wá sí Mushin, wọn ò sì kúrò ní Mushin mọ́ títí bàbá fi kú. Iwájú ilé tí wọ́n ń gbé náà ni sọ́ọ̀bù wọn wà. Òwú, síìpù, bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́, gbogbo ohun tí télọ̀ ń lò ni wọ́n ń tà. Obìnrin ńlá ni wọ́n, ara wọn kún, ohùn wọn kún. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó sórí àga onírọ́bà, ẹ ó rí i pé àga náà kọ́kọ́ ronú kó tó gbà. Ìbejì ni àkọ́bí wọn, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, èkejì ni ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ìbejì yẹn ni gbogbo àdúgbò ti gbàgbé orúkọ wọn. Ìyá Ìbejì ni àwọn télọ̀ ń pè wọ́n, Ìyá Ìbejì ni pásítọ̀ ń pè wọ́n, Ìyá Ìbejì náà ni lèmọ́mù tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn ń pè wọ́n.

Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ara Màmá ò yá. Orí máa ń fọ́ wọn. Ẹsẹ̀ wọn a máa wú nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn mẹ́rin ní ilé wa, wọ́n á dúró, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ wò ó bóyá òjò máa rọ̀, kí a má baà mọ̀ pé èémí ni wọ́n ń wá. Mo ní ká lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ọsibítù ni wọ́n ti ń pín àìsàn fún èèyàn. Lọ́jọ́ kan tí ẹbí pé jọ ní Mushin, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ẹ̀jẹ̀ Màmá ń ru, kí wọ́n gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Yéè! Màmá dìde dúró. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Ìyàwó yìí ló ń wá àìsàn fún mi o. Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè." Àwọn àgbà bá dojú kọ mí. Ọkọ mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Odidi ọdún kan ni Màmá ò fi jẹ oúnjẹ ilé mi. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, wọ́n á ní kí n gbé e fún àwọn ọmọ aládùúgbò.

Ó ti ń tó ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn tí oníbàárà mi kan fi wá di irun. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ni, Ìdí-Àràbà ló ń gbé. Bí mo ṣe ń ya irun rẹ̀, ó ń sọ fún mi pé àwọn kọ́ ọkàn èèyàn kan sínú gbọ̀ngàn ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Yaba, pé ó tóbi tó ilé, èèyàn á wọ ọ́ lápá kan, á máa rìn gba inú rẹ̀ lọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn, á sì jáde lápá kejì. Oṣù kan ni wọ́n máa fi ṣí i. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mú àwọn ọmọ yín wá. Lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, a máa ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún àgbà lọ́fẹ̀ẹ́." Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Màmá fẹ́ràn ìran ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo lọ bá wọn ní Mushin. Mi ò dárúkọ àyẹ̀wò rárá. Mo ní, "Màmá, wọ́n kọ́ ọkàn èèyàn sí Yaba o, ó tó ilé, èèyàn ń wọ inú rẹ̀."

Wọ́n ní, "Ọkàn ta ni?"

Mo ní kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, pákó àti fóòmù ni.

"Ẹ̀yin ọmọ Èkó yìí, ẹ ò ní fi ìran pa mí. Jẹ́ kí n ti sọ́ọ̀bù."

Wọ́n wọ aṣọ ìlú òkè wọn, wọ́n lẹ àtíkè mọ́ ọrùn, a wọ kẹ̀kẹ́ gba Ojúẹlẹ́gbà. Inú mi ń dùn. Mo ń wò ó pé lónìí, bí wọ́n bá fẹ́ bí wọ́n bá kọ̀, mà á mọ ohun tó ń ṣe Màmá, a ó sì wá oògùn sí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá lọ sí Yaba nìyẹn.

Ọkàn náà tóbi lóòótọ́. Ó gba gbọ̀ngàn yẹn tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Pákó ni egungun rẹ̀, fóòmù ni ẹran rẹ̀, wọ́n wá fi awọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń ṣe àga ọkọ̀ bò ó, pupa lápá òsì, àwọ̀ aró lápá ọ̀tún. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde sínú rẹ̀ tó ń dún gbì-gbì, gbì-gbì, ìró náà ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sí wa lára. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló ń mú wa kiri. Ó ní ẹnu ọ̀nà aláró ni ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ káàkiri ara, tó ti rẹ̀, ń gbà wọlé. Màmá ní, "Èmi gan-an nìyẹn. Kọjá síwájú, ìyàwó."

Àwọn ọmọ iléèwé ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ohun tí gbogbo èèyàn ń wò kọ́ ni Màmá ń wò. Ojú rírán ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi ìka tọ ojú rírán lára ògiri ọkàn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n ní, "Ta ló rán nǹkan yìí? Òwú yìí ò le. Ẹ wò ó bó ṣe ń tú." Nígbà tí a dé ibi ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti yàrá kan bọ́ sí èkejì, awọ mẹ́ta ni wọ́n so rọ̀ tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa dé, Màmá gbá ọ̀kan mú, wọ́n yí i padà. "Síìpù ló yẹ kí wọ́n fi síbí, nọ́ńbà márùn-ún. Èmi ì bá tà á fún wọn." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun á sọ fún ọ̀gá òun. Mo rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí èmi pẹ̀lú wọn ti jọ rẹ́rìn-ín.

Àtẹ̀gùn kan wà tó gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí iná aláró ti ń di pupa. Àtẹ̀gùn mẹ́jọ péré. Wọ́n gun mẹ́rin, wọ́n dúró. Mo rí i tí àyà wọn ń lọ sókè sódò lábẹ́ aṣọ ìlú òkè yẹn. Mo mú ọwọ́ wọn. Wọn ò fà á kúrò.

A ti sọ̀ kalẹ̀ dé yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì, èyí tí wọ́n ní òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ìró yẹn náà dákẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé figbe ta. Ẹnì kan lókè ń pariwo pé, "Ẹ má bẹ̀rù, ẹ dúró síbi tí ẹ wà, à ń tan jẹnẹrétọ̀!" Màmá di apá mi mú. Mo gbọ́ ohùn wọn létí mi. Ohùn ńlá yẹn ti di kékeré.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Orí yìí. Láràárọ̀ ló ń fọ́ mi. Nígbà mìíràn, ojú mi á ṣú, bí ibí yìí ṣe ṣú gan-an, mà á di ògiri mú títí yóò fi là."

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀rù ń bà mí ni. Bí wọ́n ṣe gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù nìyẹn, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi rìn lọ, wọn ò fi í rìn bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo pariwo lé ọ lórí lójú ẹbí, ẹ̀rù ló ń pariwo yẹn. Má bínú."

Ìyá ọkọ mi ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi yẹn o. Omi bọ́ lójú mi. Mo wá jẹ́wọ́ fún wọn nínú òkùnkùn yẹn pé wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́nu ọ̀nà, pé nítorí ẹ̀ ni mo ṣe mú wọn wá. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ní, "Kò burú. Wọn á wò mí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o dúró tì mí, ìwọ ni kí o bá mi gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Mo fi ara mi lé ọ lọ́wọ́."

Jẹnẹrétọ̀ tàn, iná pupa padà, gbì-gbì bẹ̀rẹ̀. Màmá pàtẹ́wọ́. "Ó jí!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín.

Tábìlì mẹ́ta ni wọ́n tò sí ìta, lábẹ́ kánópì. Níbi àkọ́kọ́, wọ́n á kọ orúkọ èèyàn sí káàdì, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n. Níbi èkejì, wọ́n á wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Wọ́n á wá kó káàdì lọ síwájú dókítà àgbà kan tó jókòó níbi ẹ̀kẹta, òun ni yóò máa pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ bí ara ti rí.

Ọmọbìnrin tó ń kọ káàdì bi mí pé, "Àǹtí, kí lorúkọ Màmá?" Màmá ti wà nídìí ìwọ̀n, wọ́n ń bọ́ bàtà. Mo mọ orúkọ wọn. Ó wà lára ìwé ìbí ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bí ìyá tó bí mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti lò nílé ọkọ, orúkọ yẹn ò já bọ́ lẹ́nu mi rí. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ yìí, ó wúwo. Mo ní, "Kọ Ìyá Ìbejì."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò sí òmíràn ni? Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn fúnra wọn."

Ìlà gùn lẹ́yìn wa, ooru ń mú, mo kanra mọ́ ọn. "Kọ ohun tí mo sọ fún ẹ jàre. Gbogbo Mushin ló mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀." Ó kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ wo ohun tí ìwọ̀n sọ, nítorí ọkùnrin kan fẹ́ já ìlà wa, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ gé e.

Níbi tábìlì kejì, wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ Màmá lápá, ó fẹ̀, ó fún. Ọmọkùnrin tó ń wò ó kọ nǹkan, ó pa á rẹ́. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n ní kí Màmá sinmi díẹ̀, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún Màmá pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀? Wọ́n tún un wò. Àwọn ọmọ méjèèjì wo ara wọn lójú. Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní tààrà, mo rí i.

Wọ́n ní ká lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti jókòó, tín-ín-rín báyìí, ọrùn gígùn, ó wá láti ìtòsí Costain. Òun àti Màmá kí ara wọn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀rọ̀ fi dé orí ọmọ. Ìyá náà ní ìbejì ni àbígbẹ̀yìn òun. Áà! Màmá gbá a mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ ara wọn, ọ̀kan ń gbè é, èkejì ń dá a, gbogbo bẹ́ńṣì ń wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà tí dókítà fi pè láti ibi tábìlì kẹta pé, "Ìyá Ìbejì!"

Ìyá tín-ín-rín náà ń fi gèlè nu ojú, ẹ̀rín ti mú omi jáde lójú rẹ̀. Màmá dìde. "Èmi rèé."

Mo tẹ̀ lé wọn. Dókítà náà ò gbójú sókè, káàdì ló ń wò. Èrò pọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín dára o, bíi ti ọmọdé. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ìtọ́jú ara." Ó na káàdì sí wa.

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dì mọ́ mi lọ́rùn. Mo la ẹnu, mo fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ń sọ létí mi pé, "Ìyàwó mi, o ṣeun, o ṣeun." Mo pa ẹnu dé. Bí a ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí dókítà yẹn tún ní, "Ìyá Ìbejì!" Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó dìde lórí àga rẹ̀ fún ìyá tín-ín-rín náà, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí ojú ìyá náà sì yí padà. Mo ní, "Áà, ẹ wo ẹni tín-ín-rín báyìí." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe orúkọ kan náà, etí mi méjèèjì gbọ́ ọ, àánú nìkan ló wá sí mi lọ́kàn.

Màmá fi ọ̀rá wé káàdì yẹn, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri sọ́ọ̀bù, lókè àwọn òwú funfun. Gbogbo télọ̀ tó wọlé ló gbọ́ ìtàn rẹ̀. "Ìyàwó mi ló mú mi lọ. Ìyàwó tó ní làákàyè." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá jẹun nílé mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Àgbo tí wọ́n ń mu ní bòókẹ́lẹ́ fún orí fífọ́, wọ́n dà á nù. Bí orí bá tún fọ́ wọn, wọ́n á ní ooru ni, ṣebí káàdì wà níbẹ̀. Ọkọ mi ń ra nǹkan wá fún mi láìnídìí. Ilé wa tòrò, mi ò gbọdọ̀ purọ́, mo gbádùn rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ ra òwú tí mo fi ń gán irun ní sọ́ọ̀bù wọn. Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń wá òwú dúdú, mo gbójú sókè wo káàdì náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á láti òkè délẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kọ ìwọ̀n ara síbẹ̀: kìlógíráàmù mọ́kànléláàádọ́ta.

Àpò ìrẹsì kan, àádọ́ta kìlógíráàmù ni, kò sí obìnrin Èkó tí kò mọ̀ ọ́n. Mo wo káàdì, mo wo ẹ̀yìn Màmá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó dí gbogbo ẹnu ọ̀nà káńtà. Ìyá ọkọ mi, àpò ìrẹsì kan? Mo rí ìyá tín-ín-rín yẹn lójú mi. Mo rí dókítà tó dìde fún un. Gbogbo rẹ̀ tò lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá nàró. "Kí lò ń wò?"

Mo ní, "Mò ń wò ó bó ṣe dára tó ni, Mà."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ líle sí onílé, sí ọlọ́pàá, sí olóṣèlú tó wá tọrọ ìbò. Ọ̀rọ̀ tí ì bá gba ìyá ọkọ mi là, mo fi irọ́ dídùn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á tún ní mo ń wá àìsàn fún wọn. Ojú ń tì mí pé èmi ni mo kọ̀ láti dárúkọ wọn. Èyí tó burú jù ni pé mi ò fẹ́ kí Ìyá Ìbejì tó ń pè mí ní ìyàwó tó ní làákàyè tún padà di èyí tó ń ta oúnjẹ mi nù. Mo sọ fún ara mi pé ìwọ̀n wọn ni kò dára. Mo tún sọ pé lọ́jọ́ Sátidé, mà á padà lọ sí Yaba lọ bi wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́ ṣe irun ìgbéyàwó lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Sátidé kejì, ọmọ mi ní ibà. Nígbà tí mo fi dé Yaba, wọ́n ti tú ọkàn náà ká, fóòmù rẹ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, òjò ti pa á. Oníbàárà mi tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà yẹn ti lọ sí ìlú rẹ̀ fún ìsinmi.

Mo sì mọ̀ pé kò dìgbà tí mo bá lọ sí Yaba. Kẹ́mísì mẹ́ta ló wà láàrin sọ́ọ̀bù mi àti Ojúẹlẹ́gbà, gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Màmá ì bá ti Mushin wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ǹ bá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká yà síbí." Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá jẹun nílé mi, mo kà á lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Àwọn aládùúgbò ló pè wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Màmá ń ṣí sọ́ọ̀bù ni, wọ́n gbé pákó ìlẹ̀kùn kan, wọn ò gbé èkejì. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí dókítà tó gbà wá bi wá pé ṣé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọkọ mi fi ọwọ́ sápò, ó yọ káàdì yẹn jáde. Ó ti já a lára ògiri kí a tó gbé Màmá wọ mọ́tò, ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ wò ó. Ìyàwó mi ló gbé wọn lọ. Kò pẹ́ rárá. Wọ́n ní ara wọn le." Dókítà wò ó lóréfèé, ó ní ẹ̀jẹ̀ máa ń yí padà, ó dá a padà fún un. Ọkọ mi gbá mi mọ́ra níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ní, "A ṣe ohun tó yẹ. A ṣe é. Àmúwá Ọlọ́run ni." Mo dúró nínú apá rẹ̀ bí igi.

Láti ìgbà náà ló ti ń yìn mí. Ó ń yìn mí fún arákùnrin rẹ̀ ní Ìbàdàn lórí fóònù. Ó ń yìn mí lójú ẹbí, àwọn àgbà tó dojú kọ mí lọ́jọ́sí wá ń gbàdúrà fún mi. Èmi tí mo máa ń wá ìyìn kiri, mo wá mọ bí ìyìn ṣe ń ta ni lára.

Ilé wa ni Màmá wà báyìí. Ọ̀rọ̀ ti ń padà sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé wọn jókòó, mo ń dì wọ́n nírun, èmi pẹ̀lú wọn nìkan la wà nílé. Mi ò gbèrò rẹ̀. Ọwọ́ mi kàn dúró. Mo bọ́ sí iwájú wọn, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ tí mi ò dá, ìyá tín-ín-rín yẹn, àpò ìrẹsì, ọjọ́ tí mo rí i, irọ́ tí mo pa, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́sàn-án. Mo ní, "Màmá, mo mọ̀. Mo mọ̀, mi ò sọ fún yín."

Wọ́n wò mí. Mo ń dúró de èébú, mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí lóríṣiríṣi orúkọ, kí wọ́n gégùn-ún, kí wọ́n lé mi jáde níwájú wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé e lé mi lórí.

"Ọkọ rẹ... mọ̀?"

"Rárá, Mà. Mo fẹ́ sọ fún un lálẹ́ yìí."

"Má sọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́—"

"Má sọ. Èmi... ń lọ. Ìwọ ló kù... fún un."

Mo sunkún títí aṣọ ẹsẹ̀ wọn fi tutù. Nígbà tí mo sọ òtítọ́, ìyá yìí pè mí ní ẹni tó fẹ́ pa wọ́n. Nígbà tí ó wá ku díẹ̀ kí n pa wọ́n lóòótọ́, wọ́n bò mí láṣìírí. Ọlọ́run ló mọ̀, èébú ni ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Mo ti nu ojú, mo ti padà sí ẹ̀yìn Màmá, ọwọ́ mi wà nínú irun wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò wá, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, Ọlọ́run á san ẹ́ lóore. Nínú gbogbo wa, ìwọ nìkan lo rántí pé kí wọ́n yẹ Màmá wò."

Màmá yí orí díẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."